"Get" kan ṣoṣo lòyìnbó ń sọ, Finnish ní rẹpẹtẹ: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ èdè Finnish, yálà ẹ ti wà ní Helsinki tàbí Tampere ní Fínlándì o, tàbí ẹ ṣì wà nílé tẹ́ ẹ ń retí físà, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tó máa ń da àwa èèyàn láàmú ju gbogbo gíráma yẹn lọ. Get ni. Lẹ́tà mẹ́ta péré. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sínú ápù tó ń túmọ̀ èdè, saada ló máa kọ́kọ́ gbé jáde, kò sì purọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wá ń ki saada bọ gbogbo ibi tóyìnbó ti ń sọ get, àwọn ará ibẹ̀ á kàn máa wò yín ni, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní "joo joo" (bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni), ẹ ò sì ní mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ kọ́ ni wọ́n gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé: Yorùbá náà ò ní get. Ẹ wò ó ná. Mo rí lẹ́tà gbà. Mo délé. Inú bí mi. Ó yé mi. Mo lọ mú ọmọ wá. Mo kó sí wàhálà. Mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ọwọ́ tẹ̀ mí. Get lòyìnbó lè fi sọ gbogbo èyí, àwa ò sì fi ọ̀rọ̀ kan náà sọ méjì nínú ẹ̀. Bí Finnish náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá gbéra láti Yorùbá tó lọ tààrà sí Finnish ti ṣe ìdajì iṣẹ́, ibi tá a ti ń ṣìnà ni pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ ọ, ápù Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, a sì ń yà sọ́dọ̀ òyìnbó ká tó dé ibi tá à ń lọ. (Get gan-an, òyìnbó ò dá a sílẹ̀ o, ọ̀dọ̀ àwọn Viking ni wọ́n ti mú un, geta ni tiwọn.)

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá ná

Kẹ́ ẹ tó ṣí dikíṣọ́nárì kankan, ẹ mú gbólóhùn òyìnbó yẹn, kẹ́ ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún màmá yín lórí fóònù. "I got home late" á di: ó pẹ́ kí n tó délé. Ó ti tán, "dé" lẹ̀ ń wá nìyẹn, ẹ gbàgbé get. "I'll get the kids" á di: mo fẹ́ lọ mú àwọn ọmọ wá. "He got caught" á di: ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ Yorùbá yẹn, òun lẹ máa gbé lọ sí ìgbésẹ̀ kejì.

Àwa tá a ń sọ pidgin, ẹ rọra níbí o. Ní pidgin, "I get motor" túmọ̀ sí pé mo ní mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá fi orí pidgin ronú, ẹ máa sọ pé "sain auton", ẹni tó gbọ́ ọ á sì fẹ́ mọ ẹni tó ta yín lọ́rẹ mọ́tò. Ohun tí wọ́n ń sọ fún "mo ní mọ́tò" ni "minulla on auto", bí ìgbà téèyàn bá ní mọ́tò ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ojoojúmọ́ lẹ máa lò ó.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo apá ibi tó bọ́ sí

Tó bá jẹ́ "gbà" tàbí "rí gbà", saada ni, ibi tí ápù yẹn ti sọ òótọ́ nìyí. "Sain viestin", mo rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì gbà. "Saan palkan perjantaina", Friday lowó oṣù mi ń wọlé. Kódà tí wọ́n bá lé èèyàn níbi iṣẹ́, saada ni wọ́n ń lò, "sain potkut", potkut yẹn sì ni kí wọ́n fẹsẹ̀ ta èèyàn nípàá, ìyẹn ni pé mo gba ìpàá! Saada tún ni wọ́n fi ń tọrọ àyè: "Saanko tulla sisään?", ṣé kí n wọlé? Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, "Saisinko kahvin?" lẹ máa sọ, ọmọlúàbí lẹ ṣe yẹn, ẹ ò nílò "jọ̀ọ́" kankan, torí -isi- tó wà láàárín ọ̀rọ̀ yẹn ti bá yín bẹ̀bẹ̀.

Tó bá jẹ́ "lọ mú wá", hakea ni. "Haen lapsen päiväkodista", mo fẹ́ lọ mú ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Tó bá jẹ́ rírà lẹ rà á, ẹ sọ pé ostaa, tó bá sì jẹ́ pé ẹ wá nǹkan náà títí tẹ́ ẹ fi ní in, hankkia. Ṣùgbọ́n hakea ní ẹnu méjì o: òun náà ni wọ́n fi ń sọ pé èèyàn kọ̀wé béèrè nǹkan. "Haen oleskelulupaa", mo ti kọ̀wé béèrè ìwé ìgbélùú, wọn ò tíì dá mi lóhùn. "Sain oleskeluluvan", ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ má fi ọ̀kan pe èkejì níwájú àwọn aṣọ́bodè jọ̀ọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká jókòó díẹ̀ síbi tó kàn yìí, torí èmi rò pé òun ló dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tó bá jẹ́ pé èèyàn dé ibì kan tàbí ó bá ara ẹ̀ níbì kan, Finnish ní ọ̀rọ̀ méjì fún un, päästä àti joutua. Päästä ni tó bá jẹ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, tí ọ̀nà là, tẹ́ ẹ ráyè, tí wọ́n gbà yín wọlé. Joutua ni tí kì í bá ṣe ìfẹ́ inú yín, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló gbé yín débẹ̀. "Pääsin yliopistoon", mo wọ yunifásítì, ẹ bá mi dúpẹ́. "Jouduin vankilaan", mo bára mi lẹ́wọ̀n. "Pääsin vankilasta", wọ́n tú mi sílẹ̀. Get lòyìnbó á máa tì kiri nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá inú onítọ̀hún dùn tàbí kò dùn, ó di kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀.

Ẹ wo ti ọsibítù. Ẹni tó ti ń retí iṣẹ́ abẹ orúnkún láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n wá pè é pé ó ti kàn án, "pääsin leikkaukseen" ló máa sọ. Ẹni tí inú ṣàdédé ń run lóru, tí dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kíá, "jouduin leikkaukseen" ni tiẹ̀. Iyàrá kan náà, ọ̀bẹ kan náà, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ló yàtọ̀, ó sì ti sọ gbogbo ìtàn. Yorùbá tó sún mọ́ joutua jù ni "kó sí": joutua vaikeuksiin, kó sí wàhálà, kò sí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún so ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn mọ́ ọn, ó di dandan: "jouduin odottamaan kaksi tuntia", mo ní láti dúró fún wákàtí méjì, kò sì wù mí. "Pääsin lähtemään aikaisin", wọ́n jẹ́ kí n tètè máa lọ, ara mi yá gágá.

Päästä yìí náà lẹ máa lò lójú títì. "Miten pääsen rautatieasemalle?", báwo ni mo ṣe máa dé ibùdó rélùwéè? Wọ́n á ní "bussilla pääset", bọ́ọ̀sì á gbé ẹ débẹ̀. Tí nǹkan bá sì sú yín tẹ́ ẹ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, päästä eroon ni.

Èyí tó kàn ni get tó ń sọ pé nǹkan yí padà, pé ara ẹni ò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́, "get tired", "get rich", "get wet". Níbí, ẹ ju saada sígbó. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra ẹ̀ ni Finnish ń kó ìyípadà yẹn sí. Rikas ni olówó, rikastua ni kéèyàn di olówó. Sairas ni aláìsàn, sairastua ni kí àìsàn mú èèyàn. Kastua, kéèyàn tutù látòkè délẹ̀. Lihoa, kéèyàn sanra. Laihtua, kéèyàn rù. Vanheta, kéèyàn darúgbó. Pimeä ni òkùnkùn, "pimenee" nìkan sì ti tó gbólóhùn odindi, ilẹ̀ ń ṣú, ẹ ò sì ní pẹ́ mọ̀ ọ́n torí nínú oṣù December, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù tí ilẹ̀ fi ń ṣú ní Helsinki. Àwọn tí kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tiwọn máa ń lo tulla pẹ̀lú -ksi nídìí ọ̀rọ̀: tulla raskaaksi, kéèyàn lóyún. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ lèèyàn kọ́ tó sì di nǹkan, ó tún yí padà: "hänestä tuli sairaanhoitaja", ó di nọ́ọ̀sì.

Ẹ má fo èyí o, torí àwa la ni ín. Tó bá jẹ́ pé nǹkan lẹ̀ ń mọ̀ lára lọ́wọ́lọ́wọ́, Yorùbá kì í fi èèyàn ṣe ẹni tó ń ṣe é. A kì í sọ pé "èmi rẹ̀", ó rẹ̀ mí là ń sọ, nǹkan ló ń ṣe mí. Òyìnbó ò lóye ìyẹn, "I'm getting tired" ni tiwọn, àwọn fúnra wọn ló wà níwájú. Finnish ń sọ ọ́ bíi tiwa! "Minua väsyttää", ó ń rẹ̀ mí. "Minua nukuttaa", oorun ń kùn mí. "Minua pelottaa", ẹ̀rù ń bà mí. "Minua hävettää", ojú ń tì mí. "Minua suututtaa", inú ń bí mi. "Minua janottaa", òùngbẹ ń gbẹ mí. Minua yẹn ni "mi" tó wà lẹ́yìn "rẹ̀" nínú "rẹ̀ mí", iwájú nìkan ni wọ́n gbé e sí. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ máa ń jìyà lórí èyí gan-an, ọmọ Yorùbá ò yẹ kó jìyà lórí ẹ̀ rárá. Ẹ kàn má gbàgbé pé tó bá jẹ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán lẹ̀ ń sọ, "ó rẹ̀ mí lójú ọ̀nà lánàá" fún àpẹẹrẹ, ẹ padà sí väsyä: "väsyin".

Àwọn tó kù ò le. Kí nǹkan yé èèyàn, ymmärtää, àwọn ọ̀dọ́ á ní tajuta tàbí hiffata. Kéèyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí kó wọ bọ́ọ̀sì, nousta. Kó bọ́ọ́lẹ̀, jäädä pois. Kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, jäädä kiinni. Kó ṣègbéyàwó, mennä naimisiin. Kó ṣìnà, eksyä. Òyìnbó tó bá bínú tó ní "get lost!" ò ní kẹ́ ẹ ṣìnà o, kẹ́ ẹ kúrò níwájú òun ló ń sọ, "häivy!" nìyẹn ní Finnish. Ẹni tára ẹ̀ ò yá, ẹ kí i pé "parane pian!", kó tètè yá o. "I've got to" jẹ́ "minun täytyy" tàbí "minun pitää". Tẹ́ ẹ bá mú kí ẹlòmíì ṣe nǹkan, saada tún padà wá, ọ̀rọ̀-ìṣe kejì á sì gba -maan tàbí -mään: "sain hänet nauramaan", mo pa á lẹ́rìn-ín.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ ìbéèrè mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe

Kéèyàn mọ ọ̀rọ̀ nìkan ò tíì tó, torí ọ̀rọ̀-orúkọ Finnish ní ìrísí 15, ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ló sì ní èyí tó ń fẹ́. Àwọn tíṣà wọn ń pe ìyẹn ní rektio. Ẹ má há tábìlì kankan sórí, ẹ kàn ra ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ máa kọ ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú ìbéèrè ẹ̀. Tottua mihin (sínú kí ni?), kí nǹkan mọ́ èèyàn lára: "totuin kylmään", òtútù ti mọ́ mi lára. Suuttua kenelle (sí ta ni?): "pomo suuttui minulle", ọ̀gá bínú sí mi. Rakastua keneen (mihin náà ni, ti èèyàn ni): "rakastuin häneen", ìfẹ́ ẹ̀ kó sí mi lórí. Sairastua mihin: "sairastuin flunssaan", ọ̀fìnkìn mú mi. Saada keneltä (láti ọ̀dọ̀ ta ni?): "sain viestin äidiltä", ọ̀dọ̀ màmá ni mẹ́sẹ́ẹ̀jì ti wá. Päästä eroon mistä (kúrò nínú kí ni?). Nousta mihin: "nousin bussiin", mo wọ bọ́ọ̀sì. Tulla toimeen kenen kanssa (pẹ̀lú ta ni?): "tulen hyvin toimeen naapurin kanssa", èmi àti aládùúgbò mi wọ̀ dáadáa.

Ẹ rí i pé ìfẹ́, àìsàn àti òtútù, inú wọn lèèyàn ń kó sí ní Finnish, mihin ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ìyípadà tó bá parí sí -tua tàbí -tyä, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ méfò, ẹ fi mihin méfò, ẹ máa gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Ti suuttua ló yà bàrá.

Ìgbésẹ̀ 4: Ṣé ó ti bọ́ sọ́wọ́ tán àbí kò tíì bọ́ síbẹ̀?

Saada àti hakea ló nílò èyí jù. Tí nǹkan bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́ lódindi, -n ló máa wà nídìí ẹ̀: "sain luvan". Tí ẹ ò bá rí i gbà, -n yẹn á kúrò, -a tàbí -ä á dé: "en saanut lupaa". Tẹ́ ẹ bá ṣì wà lẹ́nu bíbéèrè, -a náà ni: "haen lupaa". Ẹ tún wo p tó di v nínú luvan, yíyí tí kọ́ńsónáǹtì ń yí padà bẹ́ẹ̀ yẹn wọ́pọ̀ níbẹ̀ gan-an, hakea náà sọ k nù nínú haen, joutua sọ t di d nínú joudun. Ẹ̀yin á sì máa wá joudun kiri nínú dikíṣọ́nárì tí ẹ ò ní rí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín

Torí náà, orí joutua, päästä, hakea lẹ máa ti wá a. Dikíṣọ́nárì tó dáa jù fún iṣẹ́ yìí ni Kielitoimiston sanakirja, Kotus, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí èdè níbẹ̀, ló ń gbé e jáde, ọ̀fẹ́ ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Finnish ni wọ́n fi ṣàlàyé Finnish nínú ẹ̀, mo mọ̀ pé ìyẹn lè bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹ má ka àlàyé, àwọn gbólóhùn kéékèèké tí wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ ni kẹ́ ẹ wò, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ìrù tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Tó bá jẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń yí padà lẹ fẹ́ rí, Wiktionary ní tábìlì ẹ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú gbólóhùn tẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ fi àmì ọ̀rọ̀-ẹnu ká a, kẹ́ ẹ wá a lórí Google. Tí àwọn ará Fínlándì bá ń sọ ọ́, ẹ máa rí i lọ́pọ̀ yanturu. Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ rí, ẹ tún un ṣe. Ìròyìn Yle, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba wọn, tí wọ́n ń fi Finnish tó rọrùn kà, selkosuomi ni wọ́n ń pè é, dáa fún etí yín, ẹ kàn máa ṣọ́ ibi tí wọ́n bá ti sọ sai, pääsi, joutui. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù pääsi finaaliin, ẹni tí mọ́tò kọlù joutui sairaalaan, ẹ ò ní gbọ́ kí wọ́n pa á dà láéláé.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má ṣe pa päästä pọ̀ mọ́ päästää, tí ä ẹ̀yìn ẹ̀ gùn. Päästää ni kéèyàn jẹ́ kí ẹlòmíì wọlé tàbí kó jáde. Ẹni tó bá tì yín síta lẹ máa ké sí pé "päästä minut sisään!", ó jọ päästä lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n päästää lẹ̀ ń pàṣẹ ẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì gidi dánra wò

Nínú YKI, ìdánwò tí ìjọba Fínlándì fi ń wo bí èèyàn ṣe gbọ́ èdè tó, apá mẹ́rin ló wà, kíkà, kíkọ, gbígbọ́ àti sísọ, ẹni tó bá sì ń wá ìwé ọmọ-ìlú Fínlándì, ó kéré tán ìpele 3 nínú 6 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí ọ̀gá tàbí ọ̀rẹ́ jẹ́ irú nǹkan téèyàn gbọ́dọ̀ lè kọ. Ẹ jẹ́ ká mú èyí: "I got your message, but I got sick yesterday and couldn't get to work. I'm getting better. Tomorrow I'll get a doctor's note." Get márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ní Yorùbá: mo rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì yín gbà, ṣùgbọ́n àìsàn mú mi lánàá, mi ò ráyè dé ibi iṣẹ́. Ara mi ti ń yá. Lọ́la mo máa lọ gba ìwé dókítà.

Rí gbà, saada. Àìsàn mú mi, sairastua. Ráyè dé, päästä, "kò" sì máa wọ inú ẹ̀. Ara ń yá, parata, ẹ máa rí i pé òun náà ló bí "parane pian" tá a rí lẹ́ẹ̀kan. Lọ gbà, hakea, -n ló sì máa gbà torí odindi ìwé kan lẹ ń lọ mú, ẹ ò kọ̀wé béèrè nǹkan kan. Ó wá di:

"Hei! Sain viestisi, mutta sairastuin eilen enkä päässyt töihin. Paranen koko ajan. Huomenna haen lääkärintodistuksen."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni saada fara hàn níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀lé get lọ á kọ "sain sairas", ìyẹn kò sì jẹ́ nǹkan kan lédè wọn, "en saanut työhön" náà á kàn jẹ́ kí ọ̀gá máa bi ara ẹ̀ pé kí lẹ ò rí gbà.

Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ lẹ̀ ń kọ ọ́ sí lórí WhatsApp, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu lẹ máa kọ, minä á di mä, minua á di mua, minulla á di mulla, ìparí ọ̀rọ̀ á sì gé: "Moi! Sain sun viestin, mut tulin eilen kipeeks enkä päässy töihin. Vieläki vähän väsyttää." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ní ó ṣì ń rẹ̀ mí díẹ̀, ẹ ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò mua níwájú väsyttää yẹn, ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ẹ̀yin ló rẹ̀. Kipeeks yẹn ni kipeäksi tí wọ́n ti sáré pè, kipeä sì ni ẹni tára ẹ̀ ò yá. Ẹ má fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ o, ẹ kọ́kọ́ wo bí òun náà ṣe ń kọ ọ́ sí yín.